Olú orí koríko àgbàlá: bí a ṣe ń dá a mọ̀ kó tó dé ìdí ààrò

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Bí oòrùn bá mú fún ọjọ́ mélòó kan, tí òjò ńlá wá tẹ̀ lé e, kì í pẹ́ tí olú fi ń yọ lórí koríko tí a gé sílẹ̀ níwájú ilé. Òmíràn á fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 20, á funfun báláú, á wu ojú. Ohun tí gbogbo ayé ń béèrè ni pé, "Ṣé ó ṣeé jẹ?" Ìbéèrè yẹn ti yá jù. Orúkọ ló yẹ kó ṣáájú, torí pé nínú olú, àmì kan ò sí tó ya èyí tó ṣeé jẹ sọ́tọ̀ sí èyí tó ní májèlé. Irú kọ̀ọ̀kan la ní láti mọ̀ ní tirẹ̀. Orí olú tí ojú kọ́kọ́ ń rí kì í sì í sọ púpọ̀ fúnni. Ìdí rẹ̀ tó wà nínú ilẹ̀ àti lẹ́búlẹ́bú tó ń já bọ́ lábẹ́ orí rẹ̀ ló ń sọ ọ̀rọ̀.

Àwọn ìyá wa tó ń ká olú lóko mọ̀ ọ́n dájú, kò sẹ́ni tó máa kọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ibi tí olú ti hù ni ìdajì ohun tí wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Takélé ń wá láti ilé ikán: ikán ló ń tọ́jú òwú olú náà, ìyẹn ara olú tó rí bí òwú, lábẹ́ ilẹ̀, ẹsẹ̀ olú á gùn wọlẹ̀ lọ títí á fi kan ibẹ̀. Olú ọ̀rán, àwọn wínníwínní tí orí wọn kì í sábà ju sẹ̀ǹtímítà 2 lọ, ń hù wìtìwìtì lórí èérún tí ikán kó jáde síta. Omíràn wà tó jẹ́ pé ìtì ọ̀pẹ tó ti ń jẹrà tàbí pàǹtí ẹyìn ní ẹbu la ti ń rí i. Ẹsẹ̀ adìẹ kì í kúrò lára igi tó ti kú. Nígbà tí a bá wá kọ́lé sí ẹ̀síteètì, tí a fi ọkọ̀ já iyẹ̀pẹ̀, tí a da ìgbẹ́ màlúù sí i, tí a tẹ́ koríko lé e lórí, tí pákó àwọn kápẹ́ńtà sì wà lábẹ́ rẹ̀ tó ń jẹrà, gbogbo àmì ibi ìhùsí yẹn ti dàrú. Ojú tó mọ olú oko á rí olú àgbàlá, á sì rò pé ẹni tí òun mọ̀ ni.

Nítorí náà, ẹ má já olú lọ́rùn. Ẹni tó bá já a ti fi ohun tó ṣe pàtàkì jù sílẹ̀ sínú ilẹ̀. Ẹ mú ọ̀bẹ tàbí ṣíbí líle, ẹ fi sẹ̀ǹtímítà 5 jìnnà sí ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ gbẹ́ ẹ yí ká títí dé bíi sẹ̀ǹtímítà 10 nísàlẹ̀, kí ẹ wá gbé e pẹ̀lú iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀. Ẹ rọra gbọn iyẹ̀pẹ̀ náà dànù. Bí ìdí rẹ̀ bá jókòó sínú àpò funfun tó ya létí, ẹ dúró níbẹ̀: Amanita lè ni, inú ìdílé yẹn sì ni àwọn olú tó ń pa èèyàn jù láyé wà. Bí ó bá wú díẹ̀ nísàlẹ̀ tí kò sí àpò kankan, ọ̀nà mìíràn nìyẹn. Bí ẹsẹ̀ náà bá ń tín-ín-rín bó ṣe ń wọlẹ̀ lọ tí kò lópin, tí ẹ sì ń bá ihò ikán pàdé, ẹ̀yà takélé lẹ ń gbẹ́.

Ẹ mú mẹ́ta, kì í ṣe ẹyọ kan: èyí tí kò tíì là, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ là, àti èyí tó ti gbó. Àwọn ìpele tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lábẹ́ orí olú máa ń pa àwọ̀ dà bó ṣe ń dàgbà, ẹni tó bá rí ọmọdé nìkan á ṣìnà. Kí ẹ tó tu wọ́n, ẹ kọ igi tó wà nítòsí sílẹ̀, bóyá ìgbẹ́ ẹran wà níbẹ̀, bóyá wọ́n tò ní òbírí. Tí ẹ bá ti tu wọ́n, ẹ la ọ̀kan láti orí dé ìdí. Ẹ fi èékánná ha ẹran rẹ̀ àti ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀, kí ẹ fi ìṣẹ́jú 5 wò ó bóyá á pọ́n, bóyá á yọ àwọ̀ yẹ́lò, bóyá nǹkan kan ò ní ṣe. Ẹ gbóòórùn rẹ̀. Ẹ fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀ wò bóyá òrùka wà lára rẹ̀, àti bóyá òrùka náà ṣeé tì lọ sókè sódò. Ẹ má bẹ̀rù pé fífọwọ́kàn á fún yín ní májèlé. Ẹ sáà fọwọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá lọ sórí lẹ́búlẹ́bú, torí òun ni àwọn èèyàn ń fò, òun ló sì ń yanjú èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ orí koríko. Irúgbìn olú ni lẹ́búlẹ́bú yìí. Ẹyọ rẹ̀ kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ, àmọ́ tó bá kójọ, àwọ̀ rẹ̀ á hàn. Ẹ wá bébà kan tí ìdajì rẹ̀ funfun, tí ìdajì rẹ̀ dúdú. Bí kò bá sí, ẹ fi gíláàsì tàbí ike pẹlẹbẹ tó mọ́ gaara ṣe é, ẹ ó lè gbé e lé àwọ̀ tó bá wù yín lórí lẹ́yìn náà. Ẹ gé ẹsẹ̀ olú tó ti là dáadáa kúrò gan-an níbi tó ti pàdé orí. Ẹ da orí náà dé bébà, ìpele rẹ̀ nísàlẹ̀, kí ó gun orí dúdú àti funfun lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ kán omi ẹ̀kán kan sí i lórí, ẹ fi abọ́ dé e. Olú míì á ti já lẹ́búlẹ́bú sílẹ̀ láàárín wákàtí 2 sí 4, àmọ́ tí ẹ bá fi sílẹ̀ di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó dáa jù.

Ohun tó sábà ń bà á jẹ́ nìyí. Wọ́n mú olú tí kò tíì là, kò rí nǹkan já sílẹ̀. Wọ́n tan fáànù sí yàrá láìdé e, afẹ́fẹ́ gbá gbogbo rẹ̀ lọ. Wọ́n ti kọ́kọ́ so olú náà mọ́ inú náílọ́ọ̀nù láti àárọ̀, ó ti làágùn, ó ti ń rà, omi dúdú ló ń jáde lára rẹ̀. Wọ́n lo bébà funfun nìkan, lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ sì funfun, wọ́n wá ní kò sí nǹkan kan. Èyí tó léwu jù ni ti àwọ̀ ewé. Bó bá tínrín lórí bébà, á dà bí eérú lójú. Ẹ fi abẹ fá a jọ sójú kan kó ga díẹ̀, kí ẹ wá gbé e lọ síbi ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, kì í ṣe abẹ́ gílóòbù yàrá.

Bí lẹ́búlẹ́bú yẹn bá rí àwọ̀ ewé tó ṣókùnkùn díẹ̀, tí olú náà sì tóbi, tó hù sórí koríko, ọ̀rọ̀ ti parí: Chlorophyllum molybdites ni. Guyana ni wọ́n ti kó èyí tí onímọ̀ ewéko ará Jámánì, Georg Friedrich Wilhelm Meyer, kọ́kọ́ fi ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1818, àmọ́ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ilẹ̀ olóoru tí kò ti ń hù. Ó wà lórí koríko wa nílé, ó kún Florida àti Texas, nítorí náà ẹni wa tó ń gbé Houston ń pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ gan-an. Wọ́n gbà pé ní Amẹ́ríkà ti Àríwá, kò sí olú onímájèlé tí àwọn èèyàn ń ṣèèṣì jẹ tó o.

Ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa. Nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, orí rẹ̀ ṣù roboto lórí ẹsẹ̀ bí ọ̀pá ìlù. Bó bá ń là, awọ àwọ̀ ilẹ̀ tó bo orí rẹ̀ á fàya sí wẹ́wẹ́, àwọn wẹ́wẹ́ náà á pọ̀ láàárín, wọn á sì tàn kálẹ̀ lórí ẹran funfun. Orí rẹ̀ sábà máa ń fẹ̀ láti sẹ̀ǹtímítà 8 dé 30. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ga tó 10 sí 25, ó dán láìní ọnà kankan, ó wú díẹ̀ nísàlẹ̀, kò ní àpò. Òrùka rẹ̀ nípọn, etí rẹ̀ pé méjì, ó sì ṣeé tì lọ tì bọ̀. Tí ẹ bá gé ẹsẹ̀ rẹ̀, á rọra pọ́n sí pupa rẹ́súrẹ́sú. Àwọn ìpele abẹ́ orí rẹ̀ ò kan ẹsẹ̀. Ibi tó ti ń tanni jẹ nìyí: funfun ni wọ́n fún ọjọ́ àkọ́kọ́, nígbà míì títí orí á fi là tán, kí wọ́n tó wá ṣú sí àwọ̀ eérú tó fẹ́ jọ ti ewé. Ẹni tó ká a lówùúrọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́ ò ní rí àwọ̀ ewé kankan. Ìdí nìyẹn tí a fi ní kí ẹ mú èyí tó gbó mọ́ ọn.

Ẹni tó bá jẹ ẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í bì láàárín wákàtí 1 sí 3. Inú á máa lọ́ ọ, á sì yàgbẹ́ gbuuru, nígbà míì pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀. Kì í sábà pa àgbàlagbà, àmọ́ omi ara lè tán lára ọmọdé kíákíá. Àwọn kan á wá sọ pé, "Ìyẹn la máa ń jẹ nílé wa, kò ṣe wá ní nǹkan kan." Ó lè jẹ́ òótọ́. Èròjà purotéènì wà lára ohun tó ń dààmú inú èèyàn nínú olú yìí, iná sì lè ba irú èròjà bẹ́ẹ̀ jẹ́ dé ìwọ̀n kan. Inú èèyàn kò sì rí bákan náà. Ìyẹn ò sọ ọ́ di oúnjẹ. Àwo kan náà ni ẹni méjì á ti jẹ ẹ́, ọ̀kan á sùn, èkejì á gba omi sára ní ọsibítù.

Kí ló jọ ọ́? Leucoagaricus leucothites funfun látòkè délẹ̀, lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ funfun pẹ̀lú. Macrolepiota procera, tí àwọn ará Yúróòpù ń jẹ, ní ọnà àwọ̀ ilẹ̀ wínniwìnni lára ẹsẹ̀ rẹ̀, lẹ́búlẹ́bú funfun. Àwọn Agaricus, ìbátan èyí tí wọ́n ń tà nínú agolo, ní ìpele tó ń pọ́n kó tó di àwọ̀ kòkó, lẹ́búlẹ́bú wọn sì dúdú bíi ti kòkó náà. Nínú àwọn Agaricus yẹn ẹ ṣọ́ra fún xanthodermus: ha ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀, á yọ àwọ̀ yẹ́lò rekete lójú ẹsẹ̀, á sì máa rùn bí Izal, tí ẹ bá sè é, òórùn náà á tún le sí i. Takélé àti olú ọ̀rán ń fi lẹ́búlẹ́bú pupa fẹ́ẹ́rẹ́ sílẹ̀, wọn kì í fi funfun báláú tàbí àwọ̀ ewé sílẹ̀. Ẹ rí i pé bébà kan péré ti ya gbogbo wọn sọ́tọ̀.

Àwọn kéékèèké tó jẹ́ àwọ̀ ilẹ̀, a ò ní fi àkókò ṣòfò lórí wọn. Wọ́n pọ̀, wọ́n jọra, kò sì sí èyí tó tó jẹ nínú wọn. Panaeolina foenisecii ló wọ́pọ̀ lórí koríko gígé, orí rẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 1 sí 3, lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ ṣókùnkùn. Èyí tó yẹ ká sọ ni pé bí lẹ́búlẹ́bú bá jẹ́ àwọ̀ irin tó dógùn-ún, tí òrùka kékeré sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, Pholiotina rugosa lè ni, májèlé amatoxin tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ sì wà nínú rẹ̀. Bákan náà ni àwọn Lepiota kéékèèké tó ní ìpẹ́ lórí. Kò sí ọbẹ̀ tó yẹ kí irú wọn wọ̀.

Àwọn roboto tí kò ní ẹsẹ̀, tó jókòó sórí ilẹ̀, ẹ la wọ́n sí méjì láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí inú bá funfun délẹ̀ tí kò sí ìlà kankan, ọ̀kan lára àwọn roboto tí àwọn kan ń jẹ ní èwe ni. Bí inú bá le tó sì ṣú dúdú tàbí àwọ̀ àlùkò, Scleroderma ni, ó ní májèlé. Bí ẹ bá rí àwòrán olú kékeré nínú rẹ̀, orí, ìpele àti ẹsẹ̀, ọmọ Amanita tí kò tíì fọ́ àpò rẹ̀ lẹ mú dání yẹn. Ní ti akúfọ́dẹwá, imú yín á ti sọ fún yín kí ojú tó rí i. Eṣinṣin ló ń pè, kò ní ṣe koríko yín ní ohunkóhun.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun, ọ̀rọ̀ yín yàtọ̀ díẹ̀. Olú tó ń hù ní pàǹtí ẹyìn nílé, Volvariella, máa ń yọ láti inú àpò. Death cap, Amanita phalloides, náà ń yọ láti inú àpò funfun lábẹ́ igi oak ní Gẹ̀ẹ́sì, àti ní California níbi tí wọ́n gbé e dé láti Yúróòpù. Àwọn tó ṣí wá láti Éṣíà sí California ti jẹ ẹ́ rí, torí pé ó jọ Volvariella tí wọ́n mọ̀ nílé wọn, àwọn kan sì kú. Ohun tó lè ṣẹlẹ̀ sí tiwa náà nìyẹn, nítorí ojú kan náà la fi ń wò ó. Volvariella kò ní òrùka lẹ́sẹ̀, ìpele rẹ̀ ń pọ́n, lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́. Death cap ní òrùka, ìpele rẹ̀ funfun títí ó fi gbó, lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ funfun. Nígbà tí méjèèjì ṣì wà nínú àpò, ẹ má tilẹ̀ wádìí, ẹ fi wọ́n sílẹ̀.

Lórí koríko Gẹ̀ẹ́sì kan náà, Marasmius oreades tí wọ́n ń jẹ àti Clitocybe rivulosa tó ní májèlé muscarine lè tò ní òbírí kan náà. Ti àkọ́kọ́, ìpele rẹ̀ jìnnà síra, ẹsẹ̀ rẹ̀ yi. Ti èkejì, ìpele rẹ̀ há mọ́ra wọn, ó sì sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ sára ẹsẹ̀. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn, itọ́ á máa dà lẹ́nu rẹ̀, omijé á máa bọ́, kí wákàtí 2 tó pé. Coprinopsis atramentaria tó ń yọ́ di omi dúdú ní tirẹ̀ kò fẹ́ ọtí: bíà, ògógóró, àti àgbo tí a fi ọtí rẹ, kódà ní ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta lẹ́yìn tí a jẹ ẹ́. Ojú á pọ́n, àyà á máa já, èébì á tẹ̀ lé e.

Àwọn ìdánwò ilé tí a ti ń gbọ́ látayébáyé, kò sí ọ̀kan tó ṣeé gbára lé. Ṣíbí fàdákà tàbí àlùbọ́sà tó bá dúdú nínú ìkòkò ò mọ májèlé. Ìgbín àti ìdin ń jẹ death cap, ara wọn á sì le. Awọ orí death cap bó wẹ́rẹ́, nítorí náà "èyí tó bá ṣeé bó ló dáa" ti kú nìyẹn. Sísè, yíyan àti gbígbẹ ò pa amatoxin. Áàpù inú fóònù tó ń wo àwòrán náà, orí olú nìkan ló sábà ń rí. Kò rí àpò tó wà nínú ilẹ̀, kò rí lẹ́búlẹ́bú. Ẹ lè fi wá orúkọ tí ẹ máa yẹ̀ wò, ẹ má fi se ọbẹ̀.

Bí ẹnì kan bá ti jẹ olú tí kò mọ̀, ẹ má dúró kó máa ṣe é kí ẹ tó gbéra. Ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lọ́fun: epo kì í pa májèlé, ó sì lè gba ọ̀nà òdì lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró ẹni tó ń bì. Ẹ kọ àkókò tó jẹun àti àkókò tí inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ún. Ẹ mú olú tó kù, èyí tí wọ́n ti sè àti èyí tó ṣì wà lórí koríko, sínú àpò bébà lọ sí ọsibítù. Ní Amẹ́ríkà, nọ́ńbà ọ̀rọ̀ májèlé ni 1-800-222-1222. Ní Gẹ̀ẹ́sì, 111, tàbí 999 bí ó bá le. Àìsàn tó bẹ̀rẹ̀ kí wákàtí 6 tó pé sábà máa ń jẹ́ ti inú. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn wákàtí 6 ni kó já yín láyà, nítorí bí ti death cap ṣe ń ṣe nìyẹn: á bì, á yàgbẹ́, ara á wá dà bíi pé ó ti yá fún bí ọjọ́ kan, ẹ̀dọ̀ á sì ti ń bàjẹ́ nínú lọ́hùn-ún. Ẹ má jẹ́ kí ìdẹ̀ra yẹn mú yín kúrò ní ọsibítù. Bí olú inú ìkòkò bá sì ju irú kan lọ, èébì tètètètè ò sọ pé èyí tó ń pẹ́ kò sí níbẹ̀.

Ó ku koríko fúnra rẹ̀. Òwú funfun tó wà nínú ilẹ̀ ni olú gan-an; èyí tí a ń rí jẹ́ èso rẹ̀, nítorí náà kíká a ò pa á. Òwú náà ń tàn láti àárín lọ sí ìta, ìdí tó fi ń tò ní òbírí nìyẹn. Níbi tó bá dé, á jẹ ohun tó ń jẹrà, á tú náítírójìn sílẹ̀, koríko ibẹ̀ á ṣú dẹ̀dẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, òwú lè bo iyẹ̀pẹ̀ débi tí omi ò fi ní wọlẹ̀ mọ́, koríko á gbẹ. Oògùn tí wọ́n ń fín sí i kì í sábà dé ìdí rẹ̀. Ẹ fi fọ́ọ̀kì oko gún ilẹ̀ náà ní sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15, kí ihò kan máa fi bíi 10 jìnnà sí èkejì, kí ẹ rọra bu omi tí ẹ kán ọṣẹ olómi díẹ̀ sí lé e títí á fi mu ún. Bí pákó tàbí kùkùté bá wà lábẹ́ rẹ̀, ẹ hú u. Bó bá jẹ́ ìgbẹ́ màlúù la dà sí i jù, ẹ dín in kù. Níbi tí ọmọdé tàbí ajá bá wà, ẹ ká gbogbo olú kúrò láràárọ̀ nígbà òjò kí wọ́n tó là, kí ẹ sì ká wọn ṣáájú kí ẹ̀rọ tó gé koríko, nítorí ẹ̀rọ á gé wọn wẹ́wẹ́, ọmọ tó ń rákò á sì rí wọn he.